Igbá Orúkọ Tó Di Méjì

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀,
Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Tẹniọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Abdulfatai ọkọ rẹ ńkọ́? Ìkókó ńkọ́? Ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Ṣé ara rẹ̀ ò gbóná? Ṣé ẹ kì í ṣí fèrèsé sílẹ̀ sí i lára nílùú òtútù yẹn? Dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan o, má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí o wá ní "a wà dáadáa." "A wà dáadáa" náà lò ń wí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ọmọ fi wà nínú ẹ̀rọ ní ọsibítù, tí èmi ò lè gbé òkèlè mì níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n ó ti délé báyìí, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Oko kòkó ni bàbá rẹ wà nígbà tó gbọ́. Ó ju àdá sílẹ̀, ó jó. Sylvanus tí kò jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa! Mo ní, "Bàbá Tẹni, ṣé èèrà ló wọ ṣòkòtò yín ni?" Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, òun ti di bàbá àgbà.

Mo ti gbọ́ pé Sátidé, 25 oṣù Kẹwàá, lẹ máa sọ ọmọ lórúkọ, nígbà tí kò ti ṣeé ṣe lọ́jọ́ kẹjọ. Mo sì ti ṣe ohun tí ẹ ní ká ṣe. Mo gun ọ̀kadà Ògúnyẹmí lọ sí Ọ̀wọ̀ níjẹta, mo lọ bá Akínyẹlé oníkọ̀ńpútà tó máa ń bá mi tẹ lẹ́tà wọ̀nyí ránṣẹ́ sí ọ. Ó ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí ọkọ rẹ ṣe fún ẹbí, ó dé ibi tí ẹ kọ "Igbá Orúkọ" sí. Mo lé e dìde lórí àga, mo ní kó kọjú sí ògiri, mo wá fi ìka kan tẹ orúkọ tí mo mú fún ọmọ. O kúkú mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa: àgbà kọ̀ọ̀kan á kọ orúkọ tirẹ̀ sínú ìwé, á ká a, á jù ú sínú igbá, a ó fi aṣọ funfun bò ó, etí kankan ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ títí ọjọ́ á fi pé. Inú mi dùn pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ rẹ ṣe tiyín. Orúkọ ẹni tó fi nǹkan sínú igbá ló ń hàn, ohun tó fi sí i kò hàn.

Nǹkan kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, èmi nìkan ni mo rí níbẹ̀: "Agatha Oyèníyì, ìyá Tẹniọlá." Kò sí ẹlòmíràn. Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ìyá Ràhmát tó ti sọ fún gbogbo ọjà Ọ̀wọ̀ pé òun ní ọmọ-ọmọ ní Kánádà? Àbí wọn ò fẹ́ fún ọmọ tí ọmọ ìjọ Àgùdà bí lórúkọ ni? Mi ò wá wàhálà o, ìbéèrè ni mo bi.

Sọ fún Ṣèyíọlá àbúrò rẹ kó pè mí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó jókòó sí Àbújá, kò níyàwó, kò sì ń gbé fóònù.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í sinmi àdúrà,
Agatha.


Saskatoon, Kánádà,
6 oṣù Kẹwàá, 2025.

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti wí: Ìkókó ń mu ọmú bí ẹni tó roko dé. Ara rẹ̀ ò gbóná. Fèrèsé ilé wa ò tilẹ̀ ṣeé ṣí. Abdulfatai ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń sùn lórí ìjókòó, èmi náà ń sùn lórí ìjókòó. Nọ́ọ̀sì ni mí, Màámi, mo mọ ọmọ wò. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igbá orúkọ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo ṣí i láàárọ̀ yìí. Èèyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Ìyá Ràhmát, Ràhmát ọmọ wọn, Bùọ̀dá Yahya ẹ̀gbọ́n Abdulfatai, àti Ṣèyíọlá wa. Ìyá Ràhmát ló tilẹ̀ kọ́kọ́ fi tiwọn sí i, lọ́jọ́ tí a ránṣẹ́ gan-an. Tiyín ni kò sí. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ní bóyá oorun ló ń kùn mí. Kò sí níbẹ̀.

Màámi, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí mo ní Abdulfatai ni mo máa fẹ́, ẹ ní ẹ máa jókòó, ẹ máa máa wò. Mo rò pé ìyẹn ti tán. Bó bá jẹ́ pé kò wù yín kí ẹ sọ ọmọ náà lórúkọ, ẹ sọ fún mi kí n mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ẹ ti fi sí i.

Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lánàá. Ẹ ò gbé e.

Tẹniọlá yín.


Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀,
9 oṣù Kẹwàá, 2025.

Tẹniọlá,

Mo rí ìpè rẹ. Mi ò gbé e, mi ò sì ní gbé e. Ohun tó bá dùn mí, kíkọ ni mo máa ń kọ ọ́, nítorí ẹnu mi máa ń sáré ju ọgbọ́n mi lọ.

Ṣé irọ́ ni mo wá ń pa báyìí? Èmi Agatha tí mo lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nídìí fáìlì ní ìjọba ìbílẹ̀, tí fáìlì ẹyọ kan ò sọnù lọ́wọ́ mi? Bí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti padà sọ́dọ̀ Akínyẹlé. Ó ṣí i. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ó dá jókòó bí ìyàwó tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò tíì dé. Akínyẹlé rí i. Obìnrin kan tó wá ṣe fọ́tò kékeré náà rí i, mo pè é kó wá wò ó.

Níbo lo wá ti rí èèyàn mẹ́rin? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá ọkọ rẹ ní igbá tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní pálọ̀, tí ẹ sì gbé tèmi sẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá ti yọ mí kúrò, ẹ sọ.

Ti ìgbéyàwó rẹ, òótọ́ ni, mo ní mo máa jókòó, mo máa wò. Mo jókòó, mo wò, mo rí i pé ọkọ rẹ ń fọ abọ́. Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Èwo ni kí o máa hú u jáde?

Bàbá rẹ ní kí n má kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kọ ọ́.

Ìyá rẹ.


Saskatoon,
16 oṣù Kẹwàá, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó pẹ́ kí n tó fèsì nítorí mi ò mọ ohun tí mo máa kọ.

Mo tún wò ó lónìí. Èèyàn mẹ́rin náà ni. Mi ò tíì sọ fún Abdulfatai, ojú ń tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ìyá tèmi nìkan ni kò ju nǹkan sínú igbá? Ìyá Ràhmát bi mí lórí fóònù lánàá pé, "Ìyá rẹ ńkọ́, a ò tíì rí wọn?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ìkókó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀sán Jímọ̀ la máa pa igbá dé.

Tẹniọlá.


Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀,
Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Kẹwàá, 2025.

Tẹniọlá ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn kò jẹ́ kí n jẹun. Nígbà tó di Sátidé mo múra ìjà. Mo wé gèlè kó le, mo wọ ìlú Ọ̀wọ̀, mo lọ bá ìyá ọkọ rẹ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀.

Mo ní, "Ìyá Ràhmát, ẹ kú ọjà o. Igbá ọmọ wa dà?"

Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. Ó ní, "Ìyá Tẹni! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Ìgbà wo lẹ máa fi orúkọ tiyín sí i? Àbí ẹ ṣì ń wá a nínú Bíbélì?"

"Ta ló ń wá kí ni? Mo ti fi tèmi sí i kí ẹ tó jí!"

"Sínú kí ni? Sínú báàgì yín?"

"Ẹ̀yin ni mi ò rí, Ìyá Ràhmát! Ẹ ń fi ẹnu sọmọ lórúkọ káàkiri ọjà, ẹ ò fi ọwọ́ sọ ọ́!"

Ó pe Ràhmát, ó ní kó gbé fóònù wá. Ràhmát ṣí i níwájú mi. Fọ́tò ìgbéyàwó yín wà lókè, igbá wà nísàlẹ̀, orúkọ mẹ́rin wà níbẹ̀ bí o ṣe wí. Tèmi ò sí. Gbogbo ìjà tí mo kó wá dà nù. Mo kàn ń wo fóònù ọlọ́mọ.

Nígbà tí mo mí, mo ní, "Ẹ dìde, ẹ bá mi ká lọ." Ìyá Ràhmát ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, lọ́jọ́ Sátidé, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. A gun ọ̀kadà Ògúnyẹmí, àwa méjì lórí ẹyọ kan, ó dì mí níbàdí mú, ó ń ké "Yé Allah" ní gbogbo kòtò. Ràhmát gun tirẹ̀ tẹ̀ lé wa.

Akínyẹlé ṣí kọ̀ńpútà. Orúkọ mi nìkan!

Ìyá Ràhmát fi ojú lé e títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó ní, "Èmi dà? Ta ló yọ mí kúrò?"

Mo ní, "Ẹ́ẹ̀n! Ṣé ẹ ti wá mọ bó ṣe ń ṣeni?"

A gbé fóònù Ràhmát tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan náà lókè, a kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò ìgbéyàwó kan náà. Igbá méjì. Akínyẹlé họ orí, ó ní, "Mọ́mì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Ìyá Ràhmát ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló mọ ẹni tó jẹ́ ìyá ọkọ àti ẹni tó jẹ́ ìyá ìyàwó?"

Ẹ̀rín ló pa wá. A rẹ́rìn-ín títí Ìyá Ràhmát fi ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, a jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan níwájú ilé Akínyẹlé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti jẹ́ àna, a ò jọ jẹun rí.

Tẹniọlá, mi ò purọ́, ìwọ náà ò purọ́. Igbá méjì ló wà. Sọ fún ọkọ rẹ lónìí. Èwo nínú rẹ̀ lẹ máa ṣí lọ́jọ́ Sátidé? Bó bá jẹ́ èyí tí mi ò sí nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣí, ta ni mo jẹ́ fún ọmọ yẹn? Mi ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò tíì gbé e. Orúkọ yẹn nìkan ni ọwọ́ tí mo ní láti fi gbé e.

Ìyá rẹ.


Saskatoon,
21 oṣù Kẹwàá, 2025.

Màámi mi,

Ẹ dárí jì mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo tún yí gbirigbiri. Mo ka lẹ́tà yín fún Abdulfatai, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó ká ọwọ́ lé orí. Ó ní òun ni òun jẹ̀bi, kí n bá òun bẹ̀ yín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, ó kó wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbà á sílé tẹ́lẹ̀, ó kó o lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Orúkọ rẹ̀ ò yí padà, ilé tó ń gbé ló yí padà. Kọ̀ńpútà kì í fi orúkọ mọ̀nà. Nọ́ńbà kan ló wà lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ilé tó wà, àwọn ẹ̀rọ kan sì wà káàkiri ayé tó ń tọ́jú ìwé tí orúkọ àti nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Bí kọ̀ńpútà bá ti béèrè lẹ́ẹ̀kan, á fi ìdáhùn sórí fún ìgbà díẹ̀, kó má baà máa béèrè ní gbogbo ìgbà.

Ẹ rántí ìgbà tí Ignatius oníkẹ́mísìtì kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò nídìí máńgòrò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé epo? Ògúnyẹmí ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti ní "kẹ́mísìtì Ignatius," ìdí máńgòrò ló ń gbé e lọ, nítorí ibẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Ilé àtijọ́ ni wọ́n ń gbé yín lọ, ẹ sì ń ju orúkọ sínú igbá tó ti ṣe síbẹ̀ kó tó kó.

Ṣùgbọ́n Abdulfatai ní ohun kan ò yé òun. Òun fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí òun tó ránṣẹ́ sí ẹbí, kí gbogbo ẹ̀rọ tó ní nọ́ńbà àtijọ́ lórí lè gbàgbé rẹ̀. Ti Akínyẹlé kò yẹ kó ṣì rántí, àyàfi bí ẹnìkan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà yẹn sínú kọ̀ńpútà náà. Ẹ bi í.

Ó ní ẹ̀bi tòun ni pé òun ò ti ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ lẹ́yìn tí òun kó. Ó ní òun lè wọ ibẹ̀ lọ báyìí, kí òun mú orúkọ tí ẹ fi sí i wá. Mo ní kò gbọdọ̀! Ojú rẹ̀ á rí i kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ọwọ́ yín jù ú sínú igbá tòótọ́. Ọ̀sán Jímọ̀ là ń pa á dé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yára.

Tẹniọlá yín.


Ọ̀wọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù Akínyẹlé,
Ọjọ́ Jímọ̀, 24 oṣù Kẹwàá, 2025.

Tẹniọlá,

Mo ń kọ èyí níbi tí mo jókòó sí. Ìyá Ràhmát kí ọ, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun ò lè jókòó sí ọjà.

Akínyẹlé jẹ́wọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń falẹ̀, ó ní kọ̀ńpútà rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó rí nọ́ńbà ibi tó ń lọ. Ló bá wá àwọn ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń lọ jù, ó kọ nọ́ńbà wọn sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má béèrè mọ́. Tiyín wà lára wọn nítorí mo máa ń wá wo fọ́tò yín níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, nítorí kí ẹ má baà máa dúró pẹ́ ni." Kí ni mo fẹ́ sọ? Inú rere ló fi ṣe mí lọ́ṣẹ́.

Ó pa á rẹ́. Ó ṣí i padà. Orúkọ mẹ́rin yọ! Ìyá Ràhmát pàtẹ́wọ́, ó ní, "Èmi rèé! Èmi rèé!" Mo ní kí gbogbo wọn kọjú sí ògiri. Mo tẹ orúkọ ọmọ, mo fi ránṣẹ́.

Orúkọ mẹ́rin náà ló tún gbé wá. Tèmi ò sí.

Akínyẹlé ń wí láti ibi ògiri pé, "Mọ́mì, ó ti wọlé, ojú ewé àtijọ́ tó tọ́jú sílẹ̀ ló ń fi hàn yín, ẹ ní sùúrù." Mo ní kó dákẹ́. Òun náà kọ́ ló ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni? Mo tún un tẹ̀ fún ìdánilójú. Títí mo fi ń kọ èyí, mẹ́rin náà ni mò ń rí.

Ọmọ mi, bá mi wò ó kí ẹ tó pa igbá dé. Ìwọ nìkan ni mo gbà gbọ́.

Ìyá rẹ.


Saskatoon,
Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù Kẹwàá, 2025.

Màámi,

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi yín sílẹ̀ láì fèsì lọ́jọ́ Jímọ̀ ni, ẹ má nà mí. Mo wò ó, mo rí ohun tó wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi ọmú fi ta sí mi láṣọ. Lánàá, tí fídíò já bí ìmáàmù ṣe ṣe àdúrà tán, mo mọ̀ pé ẹ̀yin àti Ìyá Ràhmát máa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ fóònù Ràhmát. Ohun tí ẹ ò rí rèé.

Bàbá Akínjídé, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó dàgbà jù nílùú yìí, ló ṣí igbá. Wọ́n ka Ìyá Ràhmát: Qudirat. A ní àmín. Wọ́n ka Ràhmát, wọ́n ka Bùọ̀dá Yahya, wọ́n ka Ṣèyíọlá. Wọ́n wá kàn yín.

"Agatha Oyèníyì, ìyá Tẹniọlá: Jókòótọlá."

A ní àmín. Wọ́n sún ojú wọn sísàlẹ̀.

"Agatha Oyèníyì, ìyá Tẹniọlá: Jókòótọlá."

A ní àmín. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e padà. "Agatha Oyèníyì..." Nígbà tó di ìkarùn-ún, gbogbo ilé ti ń bá wọn pè é. Nígbà tó di ìkẹwàá, àwọn ọmọdé ń fò sókè, ìmáàmù ń fi àgbádá nu ojú. Màámi, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá! Bàbá Akínjídé ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá láì fo ọ̀kan, wọ́n ní ohun tí àgbà bá jù sínú igbá, wọn kì í dà á nù. Abdulfatai ní kí wọ́n sọ èyí tí a máa máa pè é nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ fún lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá pé kó jókòó, ta ló bí ẹni tó máa ní kó dìde?"

Jókòótọlá Qudirat la sọ ọ́. Nígbà tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn, àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń bi dókítà bóyá ó máa dúró. Mo sunkún lánàá, ṣùgbọ́n ẹkún ayọ̀ ni.

Tẹniọlá, ìyá Jókòótọlá.


Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀,
28 oṣù Kẹwàá, 2025.

Ìyá Jókòótọlá,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ mi.

Mo rò pé méje ni mo tẹ̀. Ìyá Ràhmát ń sọ káàkiri ọjà pé mo yí ìbò, pé òun máa pè mí lẹ́jọ́. Ó sọ ọ́ tán, ó kó bọ́tìnnì olówùú wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ẹ̀wù tí mò ń rán fún Jókòótọlá, ó sì ń pè é ní Jókòótọlá bí ẹni pé òun ló wá orúkọ náà. Bàbá rẹ tún jó.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ọmọ fi wà nínú ẹ̀rọ, bí mo bá jí láàárọ̀, mo ń sọ fún un láti ìhín pé, jókòó. Bí agogo ọ̀sán bá lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń sọ ọ́. Bí mo bá ń bó ẹ̀gẹ́ nírọ̀lẹ́, mo ń sọ ọ́. Jókòó, ọmọ mi, má lọ, jókòó ti ọlá rẹ. Mi ò ka iye rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá kéré.

Èmi ni,
ìyá àgbà Jókòótọlá.